Bí Mo Ṣe Tọrọ Igi Òrí ní Gbópadé

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Kátápílà mẹ́ta wọ Gbópadé lónìí! Mo jókòó sínú mọ́tò mi lẹ́bàá ọ̀nà, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi pariwo kí ìjọba ṣe dáàmù omi yìí fún wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin n'Íbàdàn, títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi sọ mí ní Ọnọ́rébù Olómi. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ níléèwé tí kò ní omi ìfọwọ́, orúkọ wo ló tún kù tó máa dùn ún?

Ẹńjìníà Rótìmí, tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ti là á yé mi. Wọ́n ní láti hú gbogbo igi inú àfonífojì odò náà, kí wọ́n sì mọ ògiri amọ̀ tó máa dá omi dúró, kí òjò tó le. Bí wọn ò bá tíì hú igi kan títí di ọjọ́ keje oṣù Igbe, àwọn ọ̀gá rẹ̀ á kó kátápílà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Mo mọ ìjọba. Iṣẹ́ tó bá ti kúrò ní Òkè-Ògùn, ó dìgbóṣe.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀, torí kò sẹ́ni tí mi ò bi. Mo bi Kábíyèsí, mo bi Baálẹ̀, mo bi olórí ẹbí méjèèjìlá tó nilẹ̀, mo bi ìmáàmù, mo bi olórí ọdẹ, mo bi Séríkí àwọn Fúlàní gan-an. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Ooru yìí pọ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ti di igba náírà ní Ṣakí.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Ẹ gbà mí o!

Mojeed tó ń wa kátápílà, tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, ló pè mí láàárọ̀. "Tíṣà, ẹ tètè máa bọ̀. Màmá yín jókòó sídìí igi, wọn ò fẹ́ dìde." Mo ní màmá wo? Màmá mi ti kú láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá yín ti ọ̀dọ̀ ìyàwó ni, sà."

Ìyá Ràmọ́nì! Àna mi fúnra wọn!

Mo bá wọn lórí ẹní nídìí igi òrí ńlá kan, kẹ́tù àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Obìnrin lábẹ́ igi yìí, obìnrin lábẹ́ ìyẹn, mẹ́tàlélógójì lápapọ̀, oníkálukú nídìí òrí tiẹ̀. Kátápílà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ta ni kò mọ̀ ní Gbópadé pé ọkùnrin ló nilẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń gbá ìdí igi òrí ló ni èso tó bá já bọ́? Ìyá á gbá a, ọmọ rẹ̀ obìnrin á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Kì í ṣe pé mi ò mọ̀, mo gbàgbé ni, èyí ló sì ń bí mi nínú jù. Nínú gbogbo ẹni tí mo bi, kò sí obìnrin kan ṣoṣo.

Kí ni mo fẹ́ sọ? A kì í bá àna ẹni jà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, èmi Ọnọ́rébù nínú agbádá funfun.

"Ẹ kúùjókòó o, Màmá."

"O ṣeun, Tíṣà. Ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Ó ń kí yín, Màmá."

"Ó káre."

Wọ́n bá ń bá tẹ̀sùbáà wọn lọ. Mo dìde, mo gbọn eruku, mo wọ mọ́tò.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Àwáwù ìyàwó mi di ẹrù láàárọ̀ yìí.

"Bàbá Débọ́lá, ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì. Mò ń lọ bá ìyá mi nídìí igi."

Mo ní títí di ìgbà wo.

"Títí ẹ ó fi rántí ohun tí wọ́n tà tí mo fi lọ iléèwé àwọn olùkọ́ tí ẹ ti rí mi."

Òrí ni wọ́n tà. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ bínú síni.

Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Ọbẹ̀ ti tán.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Ẹńjìníà Rótìmí ní ká pe ọlọ́pàá wá kó àwọn obìnrin náà kúrò. Mo jágbe mọ́ ọn débi pé fìlà mi bọ́. Ọlọ́pàá sí àna mi? Kí wọ́n fi mọ́tò ọlọ́pàá gbé ìyá ìyàwó mi, kí n sì délé kí n máa retí iyán? Iyán wo? Ẹni tó ń gún un wà nídìí igi! Nígbà tí inú mi rọ̀, mo ra míníráàsì tútù fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ dáadáa ni, kò mọ ilé wa ni.

Baálẹ̀ ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi padà dé. Ìyáálé rẹ̀ wà nídìí igi kẹrin.

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo ti rò pé ààwẹ̀ á lé wọn wálé. Mo tan ara mi jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ sààrì, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti ṣínu. Mo fi dàbínù àti yìnyín kún kúlà ńlá kan, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dá kúlà padà lófìfo, wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún mi. Kò sẹ́ni tó dìde.

Gààrí ni mo mu lálẹ́. Àánú ara mi ṣe mí.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà

Mo lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mi ò wọ agbádá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní àna mi.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Wọ́n ní, "Tíṣà, nígbà tí o fẹ́ fẹ́ Àwáwù, ọ̀dọ̀ ta lo ti wá tọrọ ẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àti Bàbá ni, Màmá."

"Ká ní Bàbá nìkan lo bi ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. "Ẹ ò ní í fún mi."

"N bá lé ẹ jáde ni! Èmi ni mo tọ́ ọ, ẹnu mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀." Wọ́n nawọ́ sí àwọn igi. "Àwọn tí o lọ bi, ta ni nínú wọn ló tọ́ ìwọ̀nyí? Èmi tí mo ti ń pọnmi láti ìgbà tí orí mi ti lè gbé ìkòkò, ṣé èmi ni mo máa kọ omi? A ò kọ omi, Tíṣà. Wá tọrọ igi."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn yòókù sọ ọ́."

"Èmi kọ́ ni mo bí wọn. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan ni o máa lọ."

Mẹ́tàlélógójì! Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí o.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àna mi. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó gan-an ni mo ṣe é: mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo sọ orúkọ ara mi àti ti bàbá mi, kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Àwáwù wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi ìbòrí bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín. Nígbà tí Màmá ní òun gbà, Àwáwù wò mí tìfẹ́tìfẹ́, ó sì tún bojú jẹ́ kíá.

Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn ní "ó dáa" kó tán o. Oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí igi tiẹ̀ ti ṣe. Èyí rán ọmọ mẹ́ta níléèwé. Tọ̀hún ló san owó iṣẹ́ abẹ ọkọ. Ìyáálé Baálẹ̀ ní ìdí igi òun ni òun wá ń sunkún sí lọ́dún tí ọkọ òun fẹ́ ìyàwó kejì, ó sì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́.

Obìnrin márùn-ún péré ni mo bá délẹ̀ lónìí. Wọ́n ń gbààwẹ̀, ojú wá ń tì mí láti mu omi níwájú wọn. Èmi Festus ọmọ Onítẹ̀bọmi, mo gbààwẹ̀ ọ̀sán gbangba! Ètè mi ti bó.

Ọjọ́ Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Wọ́n pè mí sí ìjókòó n'Íbàdàn. Mo ní ara mi ò yá. Irọ́ kọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Obìnrin méjìdínlọ́gbọ̀n ti gbà. Ẹńjìníà Rótìmí ti ń tẹ̀lé mi kiri báyìí, ìdọ̀bálẹ̀ tiẹ̀ ti dára ju tèmi lọ. Àwọn ìyá ti ń bi í bóyá ó ti níyàwó.

Mo dúró ra iṣu ní Àgọ́-Àrẹ. Èyí tí kò ju apá mi lọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà! Mo sè é fúnra mi, ó jóná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Méjìlélógójì ti gbà. Ó ku ẹyọ kan.

Jùmọ̀kẹ́ ni. Opó ni, ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, igi kan ṣoṣo ló sì ní. Èmi ni mo kọ́ ọ níléèwé. Nítorí náà mi ò dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọmọ iléèwé mi! Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mo fẹ̀rín sọ ọ́: "Jùmọ̀kẹ́, o ti mọ ohun tí mo bá wá. Fún Tíṣà ẹ ní igi ẹ."

Ó ní, "Rárá, sà."

Mo rò pé eré ni. Ó ń wò mí tààrà.

"Tíṣà, mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Mo pẹ́ dé, ẹ nà mí ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo iléèwé. Odò ni mo ti ń bọ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti jí lọ pọnmi. Ẹ ò bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ẹ nà mí nítorí omi nígbà yẹn, ẹ tún fẹ́ gbagi mi nítorí omi. Rárá."

Mi ò tiẹ̀ rántí ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Ibi tí igi Jùmọ̀kẹ́ wà gan-an ni ògiri amọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹńjìníà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sí bó ṣe lè yà á, kò sì lè hú igi kankan bí ìyẹn bá ṣì dúró. Baálẹ̀ ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́tàlélógójì! Ẹ wó o jàre. Ta ni ìyá ẹ̀?" Kí n má purọ́, ó wu èmi náà. Ọjọ́ méjìdínlógún ló kù.

Mo lọ bá àna mi. Wọ́n ní, "Bí o bá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí ẹ̀, tí wọ́n ní rárá, tí o wá gbé e lọ, kí là ń pè ẹ́?"

Mo ní, "Gbọ́mọgbọ́mọ, Màmá."

"Ìwọ náà gbọ́ Yorùbá."

Ọjọ́ Àìkú, 23 Ẹrẹ́nà

Lẹ́yìn ìsìn, mo yà sí iléèwé wa, mo ní kí wọ́n bá mi wá réjísítà ọdún tí Jùmọ̀kẹ́ wà ní kíláàsì karùn-ún. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógójì ló pẹ́ dé ní sáà kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: Ọ̀lẹ.

Mo jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọ, mo sunkún. Èmi tí mo dúró níwájú gbogbo Ilé Aṣòfin, tí mo ń sọ pé àwọn ọmọ wa ń pẹ́ délé ìwé nítorí omi! Ibo ni mo ti mọ̀ ọ́n? Lára àwọn tí mo nà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Ẹrẹ́nà

Mo lọ bá Jùmọ̀kẹ́ nídìí igi rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, àyà àti ikùn mi kan ilẹ̀. Àwọn ìyá pariwo pé èèwọ̀ ni, pé olùkọ́ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ iléèwé rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ wùyà, ó ń fà mí lápá. "Tíṣà, ẹ dìde, ẹ má fi mí ré!"

Mo ní kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Mo ní, "Mo nà ọ́, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni ọ́, èmi ni ọ̀lẹ, torí mi ò bi ọ́ níbi tí o ti ń bọ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Mi ò dárúkọ igi rárá. Mo dìde, mo sì wálé.

Ọjọ́bọ̀, 27 Ẹrẹ́nà

Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ wọlé. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi fọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ ò tọrọ igi mi lọ́jọ́sí, sà."

"Mo ti tọrọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, o ní rárá."

"Ẹ tún un tọrọ."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má dán an wò. Mo fẹnu tọrọ ẹ̀. Ó wá bi mí pé ibo ni òun á ti máa ṣa òrí lọ́dún tí ń bọ̀. Ìbéèrè gidi! Èmi tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún mẹ́fà, mi ò bi ara mi rí.

Igi òrí mọ́kàndínlógún ló wà lórí ilẹ̀ bàbá mi lókè. Èmi àti Táíwò àbúrò mi ti fẹ́ tà wọ́n fún àwọn tó ń sun èédú. Mo pe Táíwò lórí fóònù níṣojú Jùmọ̀kẹ́, mo ní kó dá wọn dúró, pé àwọn obìnrin tó pàdánù igi ni yóò máa gbá ìdí gbogbo wọn. Ó bínú, ó ní ṣé òun ni òun ní kí wọ́n ṣe dáàmù. Mo jẹ́ kó bínú tán. Ó ní kò burú.

Jùmọ̀kẹ́ to abọ́ jọ. Ó ní, "Ẹ mú igi mi, sà. Mo yọ̀ǹda ẹ̀."

Mo pe Ẹńjìníà. Ó pariwo débi pé mo ní láti gbé fóònù jìnnà sétí.

Ọjọ́ Ajé, 31 Ẹrẹ́nà

Wọ́n tú ààwẹ̀ lánàá. Àwáwù ti padà wálé. Ó wo ilé ìdáná, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Débọ́lá, ogun ló jà níbí ni?" Iyán ti wà nílẹ̀. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó dé láti ẹ̀wọ̀n, mo sì sọ fún un pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, kí n fọwọ́ nu ẹnu.

Ọjọ́rú, 2 Igbe

Àna mi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí igi tòun, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun fi ti ẹlòmíràn ṣáájú. Mojeed gbé kátápílà dé ìdí igi, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀. "Tíṣà, mi ò lè ṣe é. Abẹ́ igi yìí ni Màmá ti máa ń fún wa lómi mu bí a bá ti ilé ìwé dé."

Màmá ní, "Mojeed, gun nǹkan ẹ. Àwa la fún wọn."

Ó gùn ún. Igi náà kọ́kọ́ mì, ó wá wó lulẹ̀ pẹ̀lú èso wẹ́wẹ́ rẹ̀ tí kò tíì gbó. Màmá ṣa ẹyọ kan, wọ́n wò ó, wọ́n jù ú sílẹ̀. Wọn ò sunkún. Àwáwù ló sunkún. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, igi méjìlá ti lọ.

Ọjọ́ Ajé, 23 Òkúdù

Òjò rọ̀ ní òru mẹ́ta léra. Ògiri dúró gbọin! Omi ti gun ibi tó ga ju orí mi lọ, ó sì tẹ́ lọ bí ojú ti lè rí i. Ẹńjìníà Rótìmí ń fò sókè nínú òjò, fìlà irin lórí. Mo ní kó rọra kó má já sínú odò, torí àwọn ìyá ti bá a wá ìyàwó.

Ẹ̀rọ omi mẹ́rin ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ síwájú iléèwé. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, 16 Ògún

Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn ni àna mi ti ń fi igbá òrí ńlá kan ránṣẹ́ sí mi ní àkókò yìí. Ó máa ń kún dẹ́nu. Tọdún yìí dé láàárọ̀, kò tó ìdajì igbá.

Mo gbé mọ́tò, mo lọ bá wọn nílé. Wọ́n jókòó síwájú ilé, ẹsẹ̀ wọn nà sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, mo rí i."

Wọ́n ní, "Ibi tí agbára mi dé lọ́dún yìí nìyẹn, Tíṣà. Igi mọ́kànlá ni mo ń gbá tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ni àwa méje jọ rí gbá lókè. Àwa obìnrin pọ̀ níbẹ̀, a ní láti pín in."

Mo ń sunkún lórí ilẹ̀ níbẹ̀, èmi àgbàlagbà, àwọn ọmọ sì ń wò mí.

Àna mi fọwọ́ kàn mí lórí. "Kí lo ń sunkún sí? Ṣé o jí i ni? O tọrọ ẹ̀, a sì fún ẹ. Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan kì í sunkún, ọpẹ́ ló ń dá."

Mo nu ojú mi, mo sì dá a.